Ẹ̀yìn Tí Alága Ń Wí

Alága kì í jókòó mọ́. Ẹni tó bá gbọ́ gbólóhùn yẹn tí kò rẹ́rìn-ín, kí ó padà lọ tún un kà, torí ẹni tó ni àga là ń pè ní alága. Ọkùnrin yìí sì kọjá ẹni tó ni àga kan. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, òun ni alága àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, òun náà ni alága ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé, débi pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì nìkan ń lò. Síbẹ̀, ó ti lé lọ́dún kan tí ìdí rẹ̀ ti kan tìmùtìmù gbẹ̀yìn.

Ní ìpàdé, ẹ̀yìn àga rẹ̀ ló máa ń dúró sí. Á gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, á na ọrùn, á wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tó ń retí ayàwòrán. Àga náà kì í ṣe àga ẹ̀gàn: awọ dúdú ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga ju orí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sínú rẹ̀ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló yàn án nígbà tí wọ́n fi í jẹ alága. Ó yan ọ̀kan, ó dá a padà, ó tún yan òmíràn, torí pé ti àkọ́kọ́ kò ga tó ti ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ìpàdé wá béèrè pé kí ló dé tí irú àga bẹ́ẹ̀ fi wà lófìfo, ó dá wọn lóhùn pé olórí tó bá jókòó loorun ń gbé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé, tí kì í fẹ́ kí ohun rere kan ré òun kọjá, dìde dúró ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Akápò náà dìde. Nígbà tó yá, gbogbo ìgbìmọ̀ ló ń ṣèpàdé lórí ìdúró bí èrò tó ń retí ọkọ̀, ìpàdé tó sì máa ń jẹ ọ̀sán gbogbo run tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí wọ́n ń parí kí tíì tó tutù. Wọ́n yin Alága fún ìyẹn náà. Ó gbà á. Alága kì í lé ìyìn padà. Kódà bí ìyìn bá ṣìnà, á ṣílẹ̀kùn fún un, á fún un lómi mu.

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ìdí ló ń dùn ún.

Kì í ṣe ìrora tí èèyàn ń fọwọ́ tẹ̀ kó sọ pé ibí gan-an ni. Bó bá ti jókòó, iná á ràn lábẹ́ egungun ìjókòó rẹ̀ lápá òsì, á gba àárín itan kọjá síwájú, níbi tí ọmọlúàbí kì í dárúkọ, bí ìgbà tí wọ́n fi wáyà gbígbóná fàlà sí i lára. Bó bá dìde, á rọlẹ̀. Bó bá dùbúlẹ̀, á lọ, kì í sì í jí i lójú oorun. Ọkùnrin tó ń sùn dáadáa, tó ń rìn dáadáa, tí kò kàn lè jókòó. Ta ló máa gbà á gbọ́?

Kí ẹ sì rò ó wò: ta ni yóò sọ fún àwọn èèyàn wa pé ìdí ń dun òun tí wọn ò ní dárúkọ jẹ̀díjẹ̀dí fún un? Kò tíì ní parí gbólóhùn. Ẹnì kan á ní ṣúgà ni. Ẹlòmíràn á ní àwọn tó bá fẹ́ràn adùn ni ó ń mú. Ẹnì kẹta á ti máa júwe oògùn tó wo ọkọ àbúrò òun sàn. Bó bá kẹ́yìn sí wọn, wọn á fi ṣe orúkọ. Alága sì ti fojú inú rí i, "Alága Jẹ̀díjẹ̀dí", ó gbọ́ bó ṣe dùn lẹ́nu tó, bó ṣe bára mu bí orin ọmọdé. Ọkùnrin tó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní gírámà, tó jẹ́ pé bí ọmọ bá sọ "ìdí" ní kíláàsì rẹ̀, àfi kó dìde kó tún un sọ pé "ìjókòó", kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ ra irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Ó bá sọ pé ẹ̀yìn ni.

Irọ́ kọ́, bí a bá wò ó dáadáa. Nínú èdè wa, ohun tí kò bá ti sí níwájú, ẹ̀yìn ló wà. Àìsàn ẹ̀yìn sì níyì, ó ń fi hàn pé èèyàn ti ṣiṣẹ́ rí. Ẹni tó fẹ̀yìn tì, tí ẹ̀yìn wá ń dùn ún, kí ló kù tí ẹnikẹ́ni fẹ́ béèrè?

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló béèrè.

Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kíkọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà. Màmá Bíréèkì làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, nítorí bíréèkì kejì tó wà lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí kì í gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ títí ẹni tó ń kọ́ á fi gba ìwé àṣẹ. Kí àìsàn yìí tó dé, bí iṣẹ́ bá ti parí lọ́jọ́ Sátidé, á yà wá gbé ọkọ rẹ̀, wọn á wakọ̀ jáde láìní ibi pàtó tí wọ́n ń lọ. Màmá Bíréèkì á máa wà á, Alága á jókòó tì í, á máa ṣàtúnṣe àkọtọ́ àwọn pátákó ojú ọ̀nà, á ní ẹni tó kọ eléyìí yẹ kó padà sí kíláàsì kejì. Bí ọ̀nà bá dé kọ́nà, èjìká wọn á kan ara wọn. Alága rò pé pátákó lòun fẹ́ràn nínú ìrìn àjò yẹn. Ìgbà tí kò lè jókòó mọ́ ló tó mọ̀ pé kọ́nà ni.

Ní báyìí, bí Màmá Bíréèkì bá jáde lọ́jọ́ Sátidé, òun nìkan ló ń lọ. Nílé, ó ń jókòó sórí àga gígùn, ọkọ rẹ̀ á dúró lójú fèrèsé. Ó ń jẹun lórí àga, ọkọ rẹ̀ ń jẹun lórí ìdúró bí ẹṣin. Nígbà tó ní kó wá jókòó ti òun díẹ̀, ọkọ rẹ̀ ní ara òun ti mọ́ ìdúró. Ohun tó wá dun obìnrin náà jù ni pé ibì kan wà nínú ilé tí ọkùnrin yìí ti ń jókòó. Bí Alága bá gbé ìwé ìròyìn wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kì í jáde bọ̀rọ̀. Láti yàrá, obìnrin náà ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí ojú ewé, ojú ewé kan, òmíràn, pẹ̀lú sùúrù ẹni tí nǹkan kan ò dùn. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó wá rí i pé ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló ní: ọkọ òun lè jókòó, àfi kó má ṣáà jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Àwọn fọ́tò ilé ìwòsàn wá ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ pátápátá. Dókítà tó ń tọ́jú Alága jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n tọ́ dáadáa ní ilé wọn, tó ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kó tó béèrè ohun tó ń ṣe é. Nígbà tí Bàbá ní ẹ̀yìn, ó ya ẹ̀yìn. Kò rí nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n tún un yà. Ẹ̀yìn mọ́ tónítóní. Ó sọ fún Alága pé ọ̀pá ẹ̀yìn yín dà bíi ti ọmọ ogójì ọdún, Alága sì gbàgbé ara rẹ̀, ó lọ sọ ọ́ ní ìpàdé. Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dé ilé kí Alága tó dé.

"Bí ẹ̀yìn yín bá dára tó báyìí," ìyàwó rẹ̀ bi í ní alẹ́ ọjọ́ náà, "kí ló ń lé yín kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?"

Alága gbé ìwé ìròyìn, ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, èyí tí kò jẹ́ èsì tó dáa.

Ọmọbìnrin wọn, tó ń gbé ìlú mìíràn tó jìnnà, bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Odidi ọjọ́ kan lèèyàn máa fi jókòó sínú mọ́tò kó tó débẹ̀. Màmá Bíréèkì ní àwọn méjèèjì ló máa lọ. Alága ní ìpàdé wà. Ó bi í pé ìpàdé wo. Alága dárúkọ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n sún un síwájú, Alága ní kò ṣeé sún. Obìnrin náà ò jà. Ó kàn ní òun nìkan á lọ, àti pé òun lè wà níbẹ̀ títí ọmọ náà á fi rìn, tàbí kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, torí ó jọ pé ilé yìí ò ní fura pé òun ò sí níbẹ̀. Àmọ́ kí òun tó lọ, òun máa bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí òun fetí ara òun gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Wọ́n lọ. Alága fẹsẹ̀ rìn, bó ti ń ṣe. Obìnrin náà wa mọ́tò ṣáájú, ó sì dúró dè é lẹ́nu géètì.

Dókítà fi àga lọ̀ wọ́n. Màmá Bíréèkì jókòó, Alága gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé àwòrán síwájú ìmọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, pẹ̀lú "ẹ dákun" àti "ẹ má bínú, sà", pé òun ò rí ohun tó lè máa dun ẹ̀yìn, pé bóyá kí Bàbá máa na ara díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀. Ó ti ń mú bírò láti kọ oògùn ìrora nígbà tí obìnrin náà la ẹnu.

"Dókítà, ẹ bá mi bi Alága léèrè nǹkan kan. Bí ẹ̀yìn ò bá jẹ́ kí wọ́n jókòó tì mí, báwo ni wọ́n ṣe ń jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí wọ́n fi ń ka ìwé ìròyìn tán, títí kan ìkéde òkú?"

"Ìyá wọn," Alága ní, "ọ̀rọ̀ ilé nìyẹn."

"Ilé náà ni mo wí."

Bírò dókítà dúró. Ó wo Alága, ó wo àga tí kò jókòó sí, ó tún wo Alága. Ó béèrè, bí ẹni tó ń tẹ orí omi wò, bóyá tí Bàbá bá wà níbẹ̀, lórí àga ihò yẹn, kì í dùn wọ́n.

"Kì í dùn mí," ni Alága fèsì.

Màmá Bíréèkì yíjú sí ògiri. Lójú tirẹ̀, ẹjọ́ ti parí, ọ̀daràn ti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n dókítà ti gbé bírò sílẹ̀.

"Ẹ forí jì mí, Bàbá. Ẹ̀yìn tí ẹ ti ń wí láti ọjọ́ yìí, ṣé ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń pọnmọ ni, àbí èyí tí wọ́n fi ń jókòó?"

Alága wo òrùlé. Ó wá ọ̀rọ̀ tó bójú mu, òun tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n. Ó ní èyí tó wà nísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́. Dókítà ní báwo ló ṣe sísàlẹ̀ tó. Ó ní ìsàlẹ̀ díẹ̀. Dókítà ní ṣé ìbàdí. Ó ní ó tún sọ̀ kalẹ̀ sí i.

"Ìdí?" ìyàwó rẹ̀ béèrè. Ó ti yíjú padà.

Kò sẹ́ni tó ní kó tún un sọ pé ìjókòó. Alága mi orí pé òun ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọlúàbí méjì ti fi ìwà rere ran ara wọn lọ́wọ́ láti ṣìnà fún odidi ọdún kan: ọ̀kan ò lè sọ ọ́, ìkejì ò lè bi àgbà. Ojú ti dókítà ju Alága lọ. Ó wá ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wojú rẹ̀ báyìí. Ṣé ó ti ṣubú rí? Rárá. Ṣé ó ń gun kẹ̀kẹ́? Alága ní rárá, òun kì í gun kẹ̀kẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní àfi èyí tí kì í lọ síbì kankan. Nígbà tí wọ́n fi í jẹ alága, ìwé ìròyìn gbé fọ́tò rẹ̀ jáde, ikùn rẹ̀ sì ṣáájú rẹ̀ dé inú fọ́tò náà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ra kẹ̀kẹ́ ìdárayá tó dúró sójú kan, tí gàárì rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹnu ewúrẹ́, tó sì ń wà á láàárọ̀ lálẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kíákíá, títí kò fi lè jókòó sórí rẹ̀ mọ́. Ikùn náà ò lọ. Ìdí ni ó bá a wí.

Dókítà wá ṣàlàyé. Iṣan kan wà, kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀, irú èyí tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ ni. Ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ló ti jáde, ó gba àárín okùn líle méjì tó di egungun ìbàdí mú, ó rọra rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun tí a fi ń jókòó, kó tó pín sí ìdí àti iwájú. Bí nǹkan bá fún un lójú ọ̀nà, ibi tó ń lọ ló máa ké. Àga ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì lu ihò láàárín, kò tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ló ṣe ń fún un lálàáfíà níbẹ̀. Ó ní àwọn àwòrán àkọ́kọ́ dúró lókè ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ó dà bí ìgbà tí olè wà ní ìsàlẹ̀, tí à ń tan iná yẹ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wò. Ó fẹ́ kí wọ́n ya ìbàdí fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá olóòfà tí wọ́n ń pè ní MRI, kí wọ́n lè rí i pé kò sí kókó níbẹ̀, kí wọ́n sì wo ọ̀nà iṣan náà lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀. Iṣan náà tẹ́ẹ́rẹ́. Àwòrán lè má fi nǹkan kan hàn, kì í ṣe pé kò sí ìrora nìyẹn.

Alága ò gbọ́ ìkìlọ̀ náà bí ìtùnú. Nígbà tí wọ́n jáde dé ìdí mọ́tò, ìyàwó rẹ̀ ní: "Ẹ ti sọ ẹ̀yìn fún mi rí, mo sì gbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya èyí ná." Ó wọlé, ó ṣíná mọ́tò, ó lọ.

Lọ́jọ́ àwòrán, wọ́n gba aago lọ́wọ́ Alága, wọ́n gba bẹ́líìtì, wọ́n gba báàjì onírin kékeré tí wọ́n kọ ALÁGA sí, tó máa ń lẹ̀ mọ́ àyà aṣọ rẹ̀. Ó béèrè bóyá ti báàjì pọn dandan. Wọ́n ní àfi tó bá fẹ́ kí òòfà bá òun já a. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ, wọ́n tì í wọ inú ihò ẹ̀rọ títí dé àyà, wọ́n ní kó má mira. Ariwo bẹ̀rẹ̀, bí àwọn kápẹ́ńtà tí ń jà lórí páànù. Kò sí ẹni tí Alága lè bá sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó ń wò ó, kò sì sí ìrora kankan, torí ó dùbúlẹ̀; bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù sì bà á nítorí ìyẹn gan-an. Bí ìrora ò bá sí níbẹ̀ nísinsìnyí, kí ni ẹ̀rọ máa rí yà? Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò sí ìdánwò tó wọ̀ tí kò fẹ́ gba máàkì tó pé. Nínú ihò yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kí òun fìdí rẹmi. Kí wọ́n rí àléébù kan, èyíkéyìí, tó tóbi tó kí obìnrin lè rí i láìwọ awò.

Èyí tí wọ́n rí ò tóbi. Dókítà pe àwọn méjèèjì, ó fi àwòrán hàn wọ́n lójú kọ̀ǹpútà, dúdú àti funfun, bí òjò lára gíláàsì. Kò sí kókó. Ó tọ́ka sí apá ọ̀tún, ó tọ́ka sí apá òsì. Lápá òsì, níbi tí iṣan náà ti gba àárín okùn líle méjì kọjá, ó dà bí ẹni pé ó nípọn díẹ̀, ó sì mọ́lẹ̀ ju ìkejì rẹ̀ lọ. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun. Ó ní àwòrán kì í rí ìrora. Àwọn kan wà tí àwòrán wọn rí báyìí tí wọ́n ń jókòó jẹ́jẹ́, àwọn kan sì wà tí tiwọn mọ́ tí wọn ò lè jókòó rárá.

Màmá Bíréèkì fi ojú súnmọ́ ọn.

"Èwo ni?"

Dókítà fi orí bírò kàn án.

"Fọ́nrán òwú yìí?" Ó ti awò ojú rẹ̀ sókè. "Mo ti rò pé obìnrin mìíràn ni."

Dókítà yára sọ ohun tó kù. Abẹ́rẹ́ ló máa jẹ́rìí. Wọ́n máa fi ẹ̀rọ wo ọ̀nà, wọ́n máa fún oògùn tó ń mú ara kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan náà, níbi tí àwòrán tọ́ka sí. Bí Bàbá bá lè jókòó lẹ́yìn ìyẹn, a mọ olè. Kì í ṣe ìwòsàn o; lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, oògùn á lọ, ìrora á padà. Ìwòsàn gan-an á pẹ́, ó lè má sì pé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn abẹ́rẹ́, dandan ni kí Bàbá jókòó, kí wọ́n sì máa sọ òótọ́ bó bá ṣe ń ṣe wọ́n.

Ọjọ́ tí wọ́n máa fún un ní abẹ́rẹ́ kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ sí ìrìn àjò ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà wá síbẹ̀. Wọ́n fún Alága ní abẹ́rẹ́, wọ́n mú un jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n to àga onírin tó so pọ̀ mọ́ra sí, tí àwọn èèyàn ń dúró de orúkọ wọn. Obìnrin náà jókòó, ó wo òkè. Alága dúró síwájú rẹ̀. Ó rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀, bí ẹni tó ń wọ odò láàárọ̀ kùtù, ìdí rẹ̀ kan irin. Ó dúró de iná. Iná ò wá. Ó gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé e. Iná ò wá.

Ó ti gbàgbé bí ayé ṣe rí láti ìsàlẹ̀. Láti ọjọ́ yìí, àárín orí ìyàwó rẹ̀ ló ń rí, ibi tí irun ti pínyà. Ó wá rí etí rẹ̀ báyìí, ó rí àmì tí awò ojú ti fi sí ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀, ó rí i pé irun ti ń funfun níbi tí òun ò mọ̀. Èjìká obìnrin náà wà lára tirẹ̀, itan rẹ̀ wà lára tirẹ̀, ó gbóná. Alága wo pátákó tó wà lára ògiri, ó ní àmì ohùn tí wọ́n fi sórí "ìdákẹ́jẹ́ẹ́" yẹn, ta ló kọ́ wọn.

"Ẹ kà á jẹ́jẹ́," obìnrin náà ní, kò sì sún kúrò.

Nọ́ọ̀sì kọjá, ó ní láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora Bàbá. Alága ní òdo. Ọkùnrin yìí ò tíì fi òdo yangàn rí láyé rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ó sọ ọ́. "Kì í ṣe pé n kò fẹ́ jókòó tì ọ́. Kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Mo rò pé o máa fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ǹ bá rẹ́rìn-ín." Ó rò ó. "Ǹ bá rẹ́rìn-ín dáadáa. Tí mo bá rẹ́rìn-ín tán, ǹ bá wá dìde, kí n dúró tì yín."

Alága ro gbogbo àwọn ìrọ̀lẹ́ tó ti dúró lójú fèrèsé, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èyí tó ń fi pa ọmọdé lẹ́nu mọ́, ni ì bá mú obìnrin yìí wá síbẹ̀.

Oògùn ò bi í kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ìrora kọ́kọ́ wá bí ẹni tó ń fi èékánná kan ilẹ̀kùn. Alága mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì tún kọjá, ó bi í, Alága ní òdo. Ó fẹ́ jókòó síbẹ̀ díẹ̀ sí i. Iná náà gun òkè díẹ̀. Ó di etí àga mú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí pátákó. Ṣùgbọ́n obìnrin tó fi gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wo ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà lórí sítíárín kò nílò kí wọ́n sọ fún un.

"Ọwọ́ yín ò sọ òdo," ó ní. "Ẹ sọ òótọ́, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i."

"Bí mo bá sọ ọ́, màá dìde."

"Mo mọ̀."

Alága pe nọ́ọ̀sì padà. Ó ní láti gbé ohùn sókè, torí nọ́ọ̀sì ti jìnnà, ohùn Alága sì jẹ́ ohùn tí wọ́n fi ń darí ìpàdé. Ó ní: "Nọ́ọ̀sì, ìdí ti ń dùn mí padà."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́. Ìyá àgbà kan tó jókòó sí iwájú wọn mi orí pẹ̀lú àánú. "Jẹ̀díjẹ̀dí ni, Bàbá. Ẹ dín ṣúgà kù."

Màmá Bíréèkì bú sẹ́rìn-ín, ó fi orí lé orúnkún ara rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Alága wò ó, ẹ̀rín gbé òun náà. Ó kí ìyá àgbà náà pé ẹ ṣeun, mà, a máa dín in kù. Ó dìde dúró. Iná náà rọ̀.

Nọ́ọ̀sì ní ó dáa, ibi tí àwọn rò náà ni, kí wọ́n dúró de dókítà. Obìnrin náà ń nu ojú. Láìwo òkè, ó ní àga ẹ̀yìn mọ́tò òun ṣeé tẹ́, tìmùtìmù wà nílé, èèyàn lè sùn láti ibí dé ọ̀dọ̀ ọmọ wọn.

"Kí n wọ ìlú àna mi ní ìdùbúlẹ̀?" Alága béèrè. "Bí ẹrù?"

"Ẹrù tèmi."

Alága ro ọ̀nà náà. Obìnrin yìí á wà níwájú, òun á wà lẹ́yìn, ohun tí òun máa rí ò ní ju etí kan àti apá kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ní kò burú, kí wọ́n bá òun sún ìpàdé náà. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ti sọ fún akọ̀wé láti àná.

Ọkùnrin kan dé, ó ru àpò, ó ń wá ibi tó máa jókòó sí. Ó rí àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà, ó béèrè bóyá èèyàn wà níbẹ̀. Màmá Bíréèkì gbé ọwọ́ lé irin náà, níbi tó ṣì gbóná.

"Èèyàn wà níbẹ̀," ó ní. "Ó ń bọ̀."

Ọkùnrin náà wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ síwá sẹ́yìn. Kò rí ẹnì kankan tó ń bọ̀, àfi bàbá àgbà kan tó dúró tì wọ́n.